Ara Rẹ Lo Fi Wọ̀n Ọ́n: Ọ̀rọ̀ Orí Rédíò fún Àwọn Tó Ń Kọ́ Ìkànnì ní Ilẹ̀ Àkókó

  

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìkànnì sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa rédíò o. Owó yín àti orúkọ yín ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Láti 1999 tí wọ́n ti gbé Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wá sí Àkùngbá, tó wà láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti di iṣẹ́ gidi lójú ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Láàárín àwọn ọmọ tó ń jókòó sí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí àwọn tó ń kọ́ ìkànnì fún ilé ìwé, fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èmi náà, iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, a sì máa ń pàdé. Ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi mí jù. Èkínní ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ojú ìwé mi ń túká bí wọ́n bá fi fóònù ṣí i?" Èkejì ni pé, "Báwo ni kí n ṣe fi pásíwọ́ọ̀dù àwọn èèyàn pamọ́?"

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni méjèèjì. Ọmọkùnrin kan ní Ìkàrẹ́ ló là mí lójú, òun gan-an ò sì mọ̀.

Ó ti kọ́ ìkànnì kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò tó ń dáwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè rí iye tó ti dá lórí fóònù rẹ̀, kó má baà di pé ó ń lọ bá akọ̀wé nílé. Èrò tó dára ni. Ó ṣí i fún mi lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀: ó mọ́, ó ń dán, orúkọ ẹgbẹ́ wà lókè gàdàgbà, àpótí méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan fún owó tí èèyàn dá, ọ̀kan fún owó tó yá. Mo yìn ín. Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ẹgbẹ́ ni àwọn náà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá wa ní fóònù wọn. Ojú ìwé kan náà ṣí, lẹ́tà rẹ̀ wá dà bí èèrà. Ìyá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, àpótí kejì bá yọ jáde lápá ọ̀tún, bọ́tìnì tí wọn ìbá tẹ̀ sì bá a lọ. Wọ́n tì í sọ́tùn-ún, wọ́n tì í sósì. Nígbà tó sú wọn, wọ́n na fóònù sí ọmọ náà: "Gbà, bá mi wò ó, ọmọ mi. Ojú mi ò gbé e."

Kò sí ohun tó ṣe ojú ìyá. Ẹni tó kọ́ ojú ìwé ni kò ro ti ìyá mọ́ ọn.

Ọmọ náà ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dọ̀ tèmi o." Kí inú mi lè yọ́ díẹ̀, ó ṣí ibi tí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà hàn mí. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, pásíwọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ tò sílẹ̀ ní ìhòòhò. Mo rí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, mo rí ọdún tí wọ́n bíni, mo rí 123456 lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yí ojú kúrò. Mo ní, "Àbúrò, ta ló tún ń rí èyí?" Ó ní, "Èmi nìkan ni o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sì mọ̀ mí, mi ò lè jalè."

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ ọ́n, kò lè jalè. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àìsàn kan náà ló ń ṣe ìkànnì náà níwájú àti lẹ́yìn. Ojú ara rẹ̀ ló fi wọn ojú ìyá, ọkàn ara rẹ̀ ló sì fi wọn ọkàn ẹni tó lè wá lóru. Télọ̀ tó bá ń fi ara rẹ̀ wọn aṣọ oníbàárà, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó, aṣọ náà ò ní bá oníbàárà mu.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé. Nígbà tí Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àbá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ní 1989 ní ilé ìwádìí CERN ní Switzerland, ojú ìwé tó ní lọ́kàn kò ní ìbú tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń ṣàn bí omi ni. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá fẹ̀, ìlà á gùn. Bí ó bá há, ìlà á kúrú, ọ̀rọ̀ á sì máa sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá rí irú ojú ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí tí ẹ fi fóònù ṣí i, kò ní túká, bí lẹ́tà rẹ̀ bá tilẹ̀ kéré. Àwa tí a wá lẹ́yìn la bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó mọ́ omi. A fẹ́ kí ìkànnì jọ ìwé ìròyìn. Ní àwọn ọdún 1990, àtẹ tí wọ́n ṣe fún kíkọ iye owó àti èsì ìdánwò ni a sọ di òpó ilé, a ń to àwòrán àti ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Håkon Wium Lie, ọmọ ilẹ̀ Norway, dábàá CSS ní 1994, àjọ W3C sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 1996, kí ọ̀rọ̀ lè dá wà, kí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ náà sì dá wà. Irinṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀, ohun tí à ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa ń fi ṣe: a wo ojú kọ̀ǹpútà tiwa, a kọ píksẹ́lì 960 sílẹ̀ bí ìbú, ó parí.

Fóònù wá dé. Nígbà tí Apple gbé iPhone jáde ní 2007, wọ́n mọ̀ pé àwọn ojú ìwé tó wà nílẹ̀ kò lè wọ inú rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí fóònù máa purọ́: kó sọ fún ojú ìwé pé òun fẹ̀ tó 980, kó gba gbogbo rẹ̀ wọlé, kó wá fún un pọ̀ títí á fi wọ ojú òun. Fóònù Android náà gba irú ọ̀nà yẹn. Ohun tó sọ lẹ́tà di èèrà lójú ìyá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ìlà kan ṣoṣo la fi ń sọ fún fóònù pé kó sọ òtítọ́ ìbú rẹ̀: ìlà viewport, tí a ń kọ width=device-width sínú rẹ̀. Mo wá a nínú kóòdù ọmọ náà. Kò sí níbẹ̀.

A kọ ọ́ sí i, lẹ́tà tóbi, inú ọmọ náà dùn. Ó yọ 960 kúrò, ó ní kí àpótí kọ̀ọ̀kan gba ìdajì, àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ni àpótí kejì bá já bọ́ sábẹ́ èkínní, tí àlàfo gbàgbà sì ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún. Ó wò mí lójú. "Ẹ̀gbọ́n, àádọ́ta àti àádọ́ta, ṣé kì í ṣe ọgọ́rùn-ún ni?"

Ọgọ́rùn-ún ni. Ṣùgbọ́n àpótí CSS ní ìṣẹ́tí. Ẹ wo yàrá tó gba ẹní méjì régé, etí sí etí. Bí ẹ bá wá rán ìṣẹ́tí mọ́ ẹní kọ̀ọ̀kan, yàrá kò gbà wọ́n mọ́. Ojú fóònù ìyá fẹ̀ ní 360, bíi ti ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ wa. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 180. Ọmọ náà ti fi àlàfo 15 sí apá òsì àti 15 sí apá ọ̀tún kí ọ̀rọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ etí àpótí, ó sì fa ìlà tó nípọn ní 1 yí i ká. 180 ti di 212. Méjì rẹ̀ di 424. Ibo ni 424 fẹ́ gbà wọ 360? Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ border-box, òun ló ń sọ fún bráúsà pé inú ìwọ̀n ẹní ni kó ka ìṣẹ́tí sí. Ó kọ ọ́, àpótí méjèèjì sì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Mo tún ní kó tú u. Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo rò ó dáadáa: àpótí tó fẹ̀ ní 180, tí wọ́n kọ iye owó bí 1,250,000 sínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré kó tó lè gbà á, ojú ẹni ọgọ́ta ọdún ni a sì ń kọ ọ́ fún. Kí ọ̀kan wà lórí, kí ìkejì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ojú ẹ̀rọ bá wá fẹ̀, kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láti oṣù Karùn-ún 2010 ni Ethan Marcotte, ará Amẹ́ríkà, ti kọ àlàyé ọ̀nà yìí síta: ìbú tó ń yí padà, àwòrán tó ń sún ara rẹ̀ kì, àti òfin tó ń wo ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ kó tó pàṣẹ. Láti 2017 tí àwọn bráúsà ńlá ti ń gba CSS Grid, irinṣẹ́ tí a fi ń to ojú ìwé, kò sí ẹni tó yẹ kó tún máa fi àtẹ tò ojú ìwé mọ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ ti fóònù ṣáájú, kí ẹ tó ro ti láptọ́ọ̀pù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa ṣí i lọ́dọ̀ wa kò ní kọ̀ǹpútà.

Ti àwòrán kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwòrán ìpàdé tí wọ́n fi fóònù yà lè fẹ̀ tó 4000, kó wúwo tó mẹ́gábáìtì 5. Ojú tó máa wò ó, 360 ni. Bí ogún irú rẹ̀ bá wà lójú ìwé kan, mẹ́gábáìtì 100 lẹ fi ń gba lọ́wọ́ ìyá kí wọ́n tó rí owó ara wọn. Ẹni tó bá sì ti gun òkè Ọ̀kà mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń mí. Ẹ dín wọn kù kí ẹ tó gbé wọn sókè.

Ohun kan wà tó kàn wá ju àwọn Òyìnbó tó kọ ìwé iṣẹ́ yìí lọ: àmì ohùn. Ọ̀kà ni orúkọ ìlú. Bí ẹ bá já àmì rẹ̀ kúrò, ta ló máa mọ̀ bóyá ìlú lẹ ń sọ, àbí ọkà tó wà lóko, àbí ọká tó ń ṣán ni? Mo ti rí ojú ìwé tí wọ́n kọ Ọ̀kà sí lókè, tí orí rẹ̀ gé, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà sì gé, nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ fún ìlà há gádígádí, bí ẹ ti máa ń rí i nínú iṣẹ́ àwọn tó ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Yorùbá nílò àyè lórí àti lábẹ́. Ẹ fún ìlà ní ìlọ́po kan àtààbọ̀ ìwọ̀n lẹ́tà, ó kéré tán. Ẹ yan fọ́ǹtì tó ní gbogbo lẹ́tà wa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bráúsà á lọ yá lẹ́tà níbòmíràn, á sì dúró láàárín ọ̀rọ̀ bí eyín tí wọ́n yá. Ẹ sì kọ ọ́ sókè ojú ìwé pé UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà sílẹ̀, ni ẹ lò. Nínú UTF-8, báìtì mẹ́ta ni lẹ́tà ọ. Bí bráúsà kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, á ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà ọ̀tọ̀, orúkọ ìlú á sì di wúruwùru.

Ẹ fi báìtì yẹn sọ́kàn o, a ṣì ń bọ̀ sórí rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀yìn ilé, ibi tí mo ti yí ojú kúrò. Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní òun nìkan ló ń rí i. Ní àwọn ọdún 1960, ní MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò CTSS, tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ máa lo kọ̀ǹpútà ńlá kan. Kí ẹnìkan má baà máa tú ẹrù ẹlòmíràn, wọ́n fún kálukú ní pásíwọ́ọ̀dù. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì kan bó ti rí, àwọn alábòójútó nìkan ló sì ń dé ibẹ̀. Ní 1966, alábòójútó méjì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń tún fáìlì pásíwọ́ọ̀dù ṣe, ìkejì ń tún ìkíni tí ẹni tó bá wọlé máa rí kọ. Ẹ̀rọ gbé fáìlì méjèèjì fún ara wọn. Ẹni tó bá ti wọlé, dípò ẹ káàbọ̀, pásíwọ́ọ̀dù gbogbo ilé ló rí. Olè kankan ò wọ ibẹ̀. Olóòótọ́ méjì ni, tí ẹ̀rọ dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìbéèrè àwọn ọmọ wa ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Báwo ni kí n ṣe fi pásíwọ́ọ̀dù pamọ́? Má fi í pamọ́. Má jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ rárá.

Ọmọ náà rò pé òun á fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ọ̀pọ̀ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi kọ́kọ́rọ́ tì, kọ́kọ́rọ́ náà ló ń ṣí i, kọ́kọ́rọ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ wà níbì kan nínú ilé. Ilé iṣẹ́ Adobe ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí olè wọ ibẹ̀ ní 2013, ó kó pásíwọ́ọ̀dù tó lé ní mílíọ̀nù 100 lọ; títì ni Adobe ti tì wọ́n. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan ni wọ́n fi ti gbogbo rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni méjì tó ní pásíwọ́ọ̀dù kan náà, ohun tí a tì fún wọn rí bákan náà. Wọ́n tún wá kọ ọ̀rọ̀ ìránnilétí oníkálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbangba. Àwọn tó rí i lẹ́yìn náà kò wá kọ́kọ́rọ́ kankan. Ìránnilétí Lágbájá ni wọ́n fi ń tú ti Tàmẹ̀dò.

Mo nawọ́ sí igbá èlùbọ́ ìyá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè sọ èlùbọ́ yìí padà di iṣu?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń pè ní hash nìyẹn. A gba pásíwọ́ọ̀dù, a gún un kúnná, èlùbọ́ rẹ̀ la tọ́jú, a da iṣu nù. Nígbà tí ìyá bá padà wá tí wọ́n tẹ pásíwọ́ọ̀dù wọn, a ó gún èyí tí wọ́n mú wá, a ó fi èlùbọ́ wé èlùbọ́. Bí ó bá jọ, ilẹ̀kùn ṣí. Iṣu kan náà kì í mú èlùbọ́ méjì wá, iṣu tó sì fi bíńtín yàtọ̀, èlùbọ́ rẹ̀ á yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá jí àpò èlùbọ́ gbé kò rí iṣu ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo kọ́ ìkànnì gan-an, bí mo tilẹ̀ fẹ́ jalè, kí ni mo fẹ́ jí?

Ó ku iyọ̀. Iyọ̀ ni àwọn Òyìnbó fúnra wọn ń pè é, ẹ ò rí i pé inú ilé ìdáná la ṣì wà. Bí èèyàn mẹ́wàá bá lo 123456, èlùbọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á jọ, olè á sì ti gún 123456 sílẹ̀ nílé kó tó wá. Nítorí náà a ó bu iyọ̀ tó yàtọ̀ síra, tí kò ní ìtumọ̀, sí ti kálukú kí a tó gún un, a ó sì kọ iyọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olè gbọ́dọ̀ wá dá ti ẹnìkọ̀ọ̀kan gún láti ìbẹ̀rẹ̀. Robert Morris àti Ken Thompson ti ṣàlàyé èyí síta láti 1979 nígbà tí wọ́n kọ̀wé nípa pásíwọ́ọ̀dù ètò kọ̀ǹpútà Unix. Síbẹ̀ ìkànnì LinkedIn kò bu iyọ̀ sí tiwọn. Ní 2012 ayé rí pásíwọ́ọ̀dù bíi mílíọ̀nù 6.5 tó jáde láti ibẹ̀. Ní 2016 a wá mọ̀ pé ó lé ní mílíọ̀nù 100. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìwé Morris àti Thompson ni ti 2012 yẹn ṣẹlẹ̀! Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ohun tí a fi ń gún un náà ṣe kókó. MD5 tí Ron Rivest ṣe ní 1991 yára bí ẹ̀rọ ìlọta, yíyára yẹn ni kò sì jẹ́ kó dára fún pásíwọ́ọ̀dù, torí ẹ̀rọ olè lè fi lọ bílíọ̀nù ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Odó ló yẹ kí a lò. Odó yẹn ni bcrypt, tí Niels Provos àti David Mazières gbé jáde ní 1999, àti Argon2 tó gba ipò kìíní nínú ìdíje tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀ ní 2015. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n kí wọ́n lè falẹ̀. Bí ó bá gba ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan láti gún ti ìyá, ìyá kò ní mọ̀; ẹni tó ní bílíọ̀nù láti gún ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi PHP kọ́ ìkànnì, láti 2013 ni password_hash àti password_verify ti wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu iyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá odó tiyín gbẹ́.

Wàyí o, ẹ rántí báìtì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan fi orúkọ ìlú rẹ̀, Ọ̀kà, bẹ̀rẹ̀ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, tòun tàmì ohùn. Ó bójú mu. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kọ Ọ̀ lọ́nà tó ju ẹyọ kan lọ: O tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí, tí a wá fi àmì òkè sí, tàbí Ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ láti ilé, tí a fi àmì òkè lé lórí, tàbí Ò tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú odó, iṣu mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ̀ lónìí, ó wọlé. Ó lọ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kọ̀ǹpútà ní irọ́ ni. Kí a tó gún un, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ìkọsílẹ̀ kan, ohun tí Unicode, ìlànà kíkọ lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà, ń pè ní normalization. Àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà ti fi í sínú ìlànà wọn láti 2017. Ẹ tún rántí pé bcrypt kì í ka ohun tó bá kọjá báìtì 72. Ọ̀kà nìkan ti gba mẹ́jọ. Gbólóhùn gígùn ní èdè Yorùbá tètè ń dé 72, ohun tó bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, asán ni. Kò sí ẹni tó máa bá wa rí irú nǹkan báyìí bí àwa fúnra wa kò bá rí i.

Ẹ̀yin àgbà tí mo ní kí ẹ má pa rédíò, tiyín nìyí. Bí ẹ bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù yín níbì kan, tí ẹ ní kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́, tí wọ́n wá fi èyí tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí yín bó ti rí, ẹ fura. Iṣu yín ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìkànnì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè sọ ti àtijọ́ fún yín, torí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí ẹ máa fi ṣe tuntun ni yóò fi ránṣẹ́, ọ̀nà náà á sì kú láàárín àsìkò díẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá https ló bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì rẹ̀. Bí kò bá sí i, gbogbo ibi tí pásíwọ́ọ̀dù gbà kọjá láti Ọ̀kà ni wọ́n ti lè kà á. Ọ̀fẹ́ ni àjọ Let's Encrypt ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láti ìparí 2015, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi àìlówó ṣe àwáwí.

Òfin náà wà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni àwọn èèyàn ní Nàìjíríà. Bí ìsọfúnni bá bọ́ sọ́wọ́ olè lọ́nà tó lè ṣe àwọn tó ni ín ní jàǹbá, ẹni tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Òfin náà kò ní ká bi ọ́ bóyá o lè jalè.

Ọmọ náà gún gbogbo rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó rọrùn, torí pásíwọ́ọ̀dù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó ṣòro ni ẹ̀dà. Ó ti fi ìwé orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé lórí WhatsApp, ó sì wà lórí fláàṣì kan tó ti yá ẹlòmíràn. Ó wá wọn rí, ó sì pa wọ́n rẹ́. Síbẹ̀ a kò lè búra pé kò sí èyí tó ṣẹ́ kù, nítorí náà ó ní láti sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n pààrọ̀ tiwọn. Nígbà tó sọ fún ìyá, wọ́n gbé owó èlùbọ́ kalẹ̀. "Òun náà mà ni mo fi ń ṣí ti báńkì."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ti kọ́ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí ìwé orúkọ rẹ̀ lálẹ́ yìí kí ẹ tó sùn. Bí ẹ bá rí pásíwọ́ọ̀dù kan tí ẹ lè kà níbẹ̀, ẹ gún gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá àwọn ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri. Bó bá di òwúrọ̀, ẹ yá fóònù ìyá yín, kí ẹ fi ṣí i lójú wọn.